Akọni Aláṣọ Funfun àti Sòbìà Ilé Wa

Ọkùnrin kan wà tí mo ti kórìíra láti ìgbà èwe mi, bẹ́ẹ̀ ni n kò bá a pàdé rí. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó wọ kóòtù funfun tí ó gùn dé orúnkún, kò sì sí ẹni tí ó rí àbàwọ́n lára kóòtù náà rí. Inú sinimá ni ó ń gbé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó wo inú ìgò, kí ó fọwọ́ lu tábìlì, kí ó kígbe, kí aláìsàn sì dìde lórí ibùsùn. Wọ́n ní onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni. Èmi tí mo lọ kọ́ sáyẹ́ǹsì ní yunifásítì, tí mo sì ń fi í jẹun, mo fẹ́ kí ó wà ní àkọsílẹ̀ pé ọkùnrin yìí kò ṣe iṣẹ́ kankan rí, pé díẹ̀ ni ó kù kí ó sọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin di arọ, àti pé títí di òní, ìyìn ni wọ́n fi ń kí i.

Nínú mọ́tò sinimá ìjọba ni ó bá dé Ọ̀fà, ní ọdún díẹ̀ kí a tó gba òmìnira. Wọ́n ta aṣọ ńlá mọ́ igi méjì ní pápá tí ó wà nítòsí ibùdókọ̀ réluwéè, wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, gbogbo àdúgbò sì gbé àpótí àti ẹní jáde. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ nínú sinimá náà, nítorí náà ọkùnrin kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò pẹ̀lú gbohùngbohùn lẹ́nu, ó ń túmọ̀ rẹ̀ fún wa. Aláṣọ funfun kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ògbufọ̀ ni ó ń sọ̀rọ̀.

“Ẹ wo ọ̀gá o!” ni ó ń ké. “Kò jẹun láti àná! Oorun kò kan ojú rẹ̀! Ìyàwó rẹ̀ ti bínú kó lọ sílé bàbá rẹ̀!”

Kò sí ìyàwó kankan nínú sinimá náà. Ọkùnrin náà jókòó, ó ń wo nǹkan, ó sì ń mu tíì. Ṣùgbọ́n ògbufọ̀ mọ̀ pé ẹni tí ó jókòó tí ó ń mu tíì kò lè dá èèyàn dúró nínú ọyẹ́, ó sì ṣe ohun tí gbogbo onítàn irú rẹ̀ ń ṣe. Kí aláṣọ funfun tó gbé ojú lé awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, ilé rẹ̀ ti jó, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti dà á, ọba ìlú rẹ̀ sì ti búra pé òun yóò bẹ́ ẹ lórí bí kò bá rí oògùn náà kí ilẹ̀ tó mọ́. Nígbà náà ni ó lu tábìlì. Ó kígbe. Ọmọ kan tí ó ti ń kú lọ dìde jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí jẹ búrẹ́dì. Gbogbo pápá hó yèè.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni ó jókòó tì mí. Iyọ̀ ni ó ń tà, Ìyá Oníyọ̀ sì ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ó na ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ síwájú lórí ẹní, nítorí sòbìà ń jáde níbẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni tí kò bá mọ sòbìà, aràn gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó ń lu ara jáde ní ẹsẹ̀ pẹ̀lú oró bí iná. Èèyàn yóò wé orí rẹ̀ mọ́ igi ìgbálẹ̀ kékeré, yóò sì máa fi sùúrù ká a díẹ̀ díẹ̀ ní àràárọ̀, torí pé bí ó bá já sínú, ẹsẹ̀ yóò kẹ̀. Igi ìgbálẹ̀ náà wà ní ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ó ti ń wo sinimá.

“Ta ni ó ń bá a fọ gbogbo ìgò yẹn?” ni ó bi mí.

Ògbufọ̀ gbọ́, ó sì fi gbohùngbohùn dá a lóhùn kí gbogbo pápá lè gbọ́. “Ìyá, akọni kì í fọ ìgò!”

Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n sọ ní pápá náà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ìbéèrè rẹ̀ nìkan ni ó jẹ mọ́ sáyẹ́ǹsì. Nígbà tí mo dé yunifásítì, ìgò ni mo fọ̀. Mo fọ ìgò títí awọ ọwọ́ mi fi bó.

Ó yẹ kí n sọ ohun tí ẹsẹ̀ jẹ́ fún Ìyá Oníyọ̀. Opó ni, kò sì ní ọmọ tí ó yè. Ọjà Òjòkú, ìlú tí ó wà nítòsí Ọ̀fà, ni ayé rẹ̀. Ní ọjọ́ ọjà, yóò gbé igbá iyọ̀ karí ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, yóò sì fẹsẹ̀ rìn ín débẹ̀. Mọ́tò ń lọ, ṣùgbọ́n ó ní ẹni tí ó bá wọ mọ́tò kì í gbọ́ ìròyìn lọ́nà. Sòbìà ti jáde ní ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Ní ọdún kan ó já sínú, ọrùn ẹsẹ̀ náà kẹ̀, kò sì ká dáadáa mọ́. Ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ni ó kù tí ó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Bí sòbìà bá bọ́ sí orúnkún ọ̀tún yìí, Òjòkú parí nìyẹn. Yóò jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn ìyàwó ilé tí ó ti ń bá jà láti ọjọ́ pípẹ́ yóò sì máa bu oúnjẹ fún un. Ó sọ fún mi lẹ́nu ara rẹ̀ pé kí wọ́n sin òun ju kí ìyàwó àgbà ilé wa máa bu ọbẹ̀ fún òun lọ.

Ní yunifásítì, ẹ̀kọ́ nípa ẹranko ni mo kọ́, ibẹ̀ ni mo sì ti mọ bí sòbìà ṣe ń ṣe é. Ẹni tí ó ní in yóò ti ẹsẹ̀ bọ adágún láti pọnmi. Aràn náà yóò da àwọn ọmọ rẹ̀ sínú omi. Kòkòrò omi kan tí kò tóbi ju àmì bíńtín lọ yóò gbé wọn mì. Àwa náà yóò sì mu kòkòrò náà mọ́ omi. Aràn yóò máa dàgbà nínú ara fún bí ọdún kan kí ó tó wá ọ̀nà jáde. Ìdènà rẹ̀ kò ju kí a fi aṣọ sẹ́ omi kí a tó mu ún. Ta ni ó wá gbogbo èyí rí? Kì í ṣe ẹnì kan. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni, wọ́n sì pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Òmíràn ṣìnà, òmíràn kú kí ó tó mọ̀ pé òun kò ṣìnà, òmíràn kàn jókòó ti omi ìdọ̀tí láti àárọ̀ di alẹ́ tí kò sì rí nǹkan kan. Kò sí ọba tí ó fẹ́ bẹ́ wọn lórí. Bí ìyàwó wọn bá sì kó lọ, kì í ṣe nítorí sáyẹ́ǹsì. Irú iṣẹ́ báyìí ni wọ́n ń fi igbe àti tábìlì pa ìtàn rẹ̀, èmi kò sì rí ìdí tí ó fi yẹ kí n fara mọ́ ọn.

Mo padà sí Ọ̀fà lẹ́yìn òmìnira, mo ń kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan. Kò pẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ kan fi na ọwọ́ sókè nínú kíláàsì. “Sà,” ni ó wí, “ìgbà wo lẹ máa kígbe?” Mo lé e jáde.

Adágún tí ilé wa ń mu wà lẹ́yìn àwọn ilé tí ó wà ní apá ọ̀nà Ìjàgbó. Bí òjò ọdún yẹn ṣe bẹ̀rẹ̀, mo lọ sí ọjà, mo ra aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń wé láwàní. Òun ni ó fẹ́lẹ́ tí omi lè tètè gbà kọjá, tí ojú rẹ̀ sì há tí kòkòrò kò lè gbà. Mo ra odidi ìdì kan kí ó lè kárí gbogbo àmù ilé. Mo pe ìpàdé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ baálé wa, ẹni tí ó jẹ́ àgbà jù láàárín àwọn àbúrò bàbá mi àgbà, mo sì ṣàlàyé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

“Akọ̀wé, ọkọ mi,” ni ìyàwó àgbà wí, “ẹ ní ká ṣe kí ni?”

“Kí ẹ máa sẹ́ omi.”

“Sẹ́ omi?”

“Bí ẹ ṣe ń sẹ́ ògì.”

“Ògì ló ní èèpo. Omi kò ní èèpo.”

“Ó ní kòkòrò.”

“Mo ti ń mu ún látọjọ́ tí wọ́n ti gbé mi wọ ilé yìí, kò sí èyí tó bù mí jẹ lọ́fun rí.”

Baálé kò tẹ́tí sí wa. Ó ń fi ìka wo aṣọ náà. “Láwàní nìyí,” ni ó wí.

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.”

“Irú èyí tí wọ́n ń wé fún Lèmọ́mù.”

“Òun ni ó dára jù fún iṣẹ́ náà, Bàbá.”

“O sì fẹ́ ká fi bo àmù.” Ó dijú, ó tún là á, ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi bí ẹni pé ó ti rí ohun tí mo fi pamọ́. “Ó yé mi. Gbé e síbẹ̀. Fi í sílẹ̀ fún mi.”

Mo rò pé mo ti borí. Ní ilé Mùsùlùmí bíi tiwa, bí ọmọ bá ka Kùránì tán, wọn yóò ṣe wòlímà fún un: wọn yóò pa ẹran, àwọn àgbà yóò sì wé láwàní funfun fún un níṣojú ará àdúgbò. Èmi, ilé ìwé ni wọ́n ti tètè rán mi lọ; n kò ka Kùránì tán, ẹnikẹ́ni kò sì wé nǹkan kan mọ́ mi lórí rí. N kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti ń dun baálé láti ọjọ́ pípẹ́, pé àwọn ará agbolé kejì a máa bi í pé kí ni ọmọ ilé tirẹ̀ ka tán ná. Nígbà tí ó rí i tí mo fọwọ́ ara mi gbé láwàní wá sílé, ìtumọ̀ kan ṣoṣo ni ó rí níbẹ̀. Ó ní ojú ń ti ọmọ náà ni. Ó ní ó fẹ́ kí a ṣe wòlímà ìwé òyìnbó fún òun, kò mọ bí yóò ṣe sọ ọ́, ni ó bá fi omi ṣe àwáwí.

Ó kó aṣọ náà fún télọ̀ ilé wa. Télọ̀ yìí ti wo sinimá ní pápá réluwéè. Ó ní Lèmọ́mù nìkan ni ó ń wé láwàní. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, kóòtù ni ti rẹ̀. Wọ́n jọ rò ó pọ̀, wọ́n sì pinnu pé kí wọ́n má fi ọ̀kan du mi. Ìdì aṣọ tí ó yẹ kí ó kárí gbogbo àmù ilé wa, wọ́n gé e, wọ́n rán an ní kóòtù tí ó gùn dé orúnkún, tí ó ní àpò mẹ́rin, wọ́n sì fi èyí tí ó kù sílẹ̀ fún wíwé.

Ẹ rántí pé aṣọ tí omi ń gbà kọjá ni. Nígbà tí wọ́n ní kí n dán an wò, gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ rí síńgílẹ́ẹ̀tì mi, wọ́n rí bẹ́líìtì mi, wọ́n rí ibi tí mo ti fi abẹ́rẹ́ gán ṣòkòtò.

“Kò burú,” ni télọ̀ wí. “Bí ẹ bá ti dúró sí abẹ́ òjìji, kò ní hàn.”

Mo bínú. Mo sọ ohun tí ọmọ ilé kì í sọ sí télọ̀ ilé. Baálé ní kí n dákẹ́. Ó ní, “Gbọ́ o. Wọ̀ ọ́. Bá wa lọ sí adágún ní Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun. Ṣe bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ ṣe ń ṣe. Tí o bá ti ṣe é, ilé yìí á ṣe ohunkóhun tí o bá wí.”

“Ẹ ó máa sẹ́ omi?”

“Ohunkóhun.”

Ẹsẹ̀ ọ̀tún Ìyá Oníyọ̀ kan ṣoṣo ni mo rò. Mo gbà.

Ní Jímọ̀ náà, mo rìn dé etí adágún pẹ̀lú láwàní lórí àti kóòtù tí ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lára mi bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn. Ará ilé wà níbẹ̀, ará agbolé kejì náà wà níbẹ̀. Wọ́n ti pa ẹran sílẹ̀ nílé. Mo mú ìgò kan lọ́wọ́ àti awò kékeré tí mo yá ní ilé ẹ̀kọ́. Mo bu omi. Mo gbé ìgò sókè sí oòrùn. Gbogbo èèyàn ń wo ẹnu mi.

N kò kígbe. Mo ní ẹ̀kọ́ láti kọ́ wọn. Mo ní kí baálé súnmọ́ mi, mo fún un ní awò, mo sì fi àmì funfun bíńtín kan hàn án tí ó ń tọ sókè sódò nínú omi.

Ó wò ó pẹ́. “Níbo ló wà?”

“Ìyẹn, Bàbá. Èyí tó ń fò yẹn.”

“Èyí?” Ó yọ awò lójú. Ó tún fi í sí i. “Èyí kékeré yìí?”

“Òun ni.”

Ó bojú wẹ̀yìn wo ará agbolé kejì, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. “Ṣé kò sí èyí tó jù ú lọ?”

Mo bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Mo ṣàlàyé bí kòkòrò ṣe ń gbé ọmọ aràn mì, bí ọdún kan ṣe ń kọjá, ìdí tí ẹni tí ó ní sòbìà kò fi gbọdọ̀ ti ẹsẹ̀ bọ omi. N kò fo ohunkóhun, torí pé ẹni tí ó bá fo nǹkan nínú sáyẹ́ǹsì, irọ́ ni ó ti ń pa. Ojú ń ti ará ilé mi. Mo rí i. Wọ́n ń wolẹ̀ bí ìgbà tí oníwàásù bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Ará agbolé kejì kan bẹ̀rẹ̀ sí yán. Ìyàwó àgbà kò lè fara dà á mọ́ kí ọkọ òun máa tẹ́ báyìí níṣojú àlejò. Ó fò síwájú, ó já ìgò náà gbà lọ́wọ́ mi, ó gbé e sójú, ó sì fi gbogbo ọ̀fun ké:

“Ó ti rí i o! Ọkọ mi ti rí i! Ó ti pa á!”

Ariwo sọ. Wọ́n gbé mi sókè. Àpò kóòtù kan ya. Àwọn obìnrin sọ̀ kalẹ̀ sínú adágún náà, tẹsẹ̀ tẹsẹ̀, pẹ̀lú ẹni tí sòbìà ń jáde lẹ́sẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n bu omi náà bí ó ti rí, wọ́n sì ń fi ahá kan náà mu ún yí ká. Wọ́n bu fún èmi náà.

“Bàbá,” ni mo wí fún baálé, “ẹ ṣèlérí pé ẹ ó máa sẹ́ omi.”

“Sẹ́ kí ni mọ́?” ni ó wí. “Ṣé o kò tíì pa á ni?”

Nígbà tí wọ́n ń jẹ ẹran nílé, Ìyá Oníyọ̀ wá bá mi ní ẹ̀yìnkùlé. “O kò kígbe,” ni ó wí.

“N kò rí ohun tí mo fẹ́ kígbe sí, Ìyá.”

“Ojú tì mí fún ọ.” Ó nawọ́ sí orí mi. “Tú láwàní yẹn lórí. Mú un wá kí n so ó mọ́ àmù mi. Wọn ò ní gbọ́ pé ọmọ àbúrò mi sọ̀rọ̀ tí ẹnì kan kò gbọ́ tirẹ̀ nílé bàbá rẹ̀.”

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe nítorí kòkòrò. Àánú mi ni ó ṣe é. Ó ń da omi gba orí aṣọ náà sínú àmù, ó ń fọ aṣọ, ó ń sá a, ó tún ń so ó. Mo ní kí ó má mu omi níbòmíràn, ó sì ń rọ omi ilé sínú akèrègbè lọ sí Òjòkú, tí àwọn oníbàárà rẹ̀ fi ń bi í bóyá ó rò pé àwọn fẹ́ fún òun ní májèlé jẹ. Nílé, àwọn ìyàwó kò jẹ́ kí ó gbádùn. Wọ́n ní àmù tí ó wé láwàní ti lọ sí Mẹ́kà. Wọ́n ń pe àmù náà ní Àlàájì. Bí wọ́n bá ń kọjá ní iwájú yàrá rẹ̀, wọn yóò kúnlẹ̀ kí àmù náà.

“Àlàájì, ẹ kú ìjókòó o!”

“Àlàájì, ọdún wo lẹ padà bọ̀? Ẹ kò mú ohunkóhun bọ̀ fún wa!”

“Ẹ má dà á láàmú, ó ń ṣe tèsùbáà lọ́wọ́.”

Ìyá Oníyọ̀ a dá wọn lóhùn pé Àlàájì kì í bá kèfèrí sọ̀rọ̀, yóò sì ti ilẹ̀kùn.

Òjò lọ. Ọyẹ́ dé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí mo yà kí i, mo bá a tí ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà tí ó na ẹsẹ̀ síwájú. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni. Ibì kan lé roro bí ìléròrò iná ní abẹ́ orúnkún, orí sòbìà sì ti yọ ní àárín rẹ̀.

Kò sunkún. Ó ń fa igi ìgbálẹ̀ kan yọ.

Gbogbo ilé ti gbọ́ kí n tó dé. “Àdúrà Àlàájì kò gbà,” ni ìyàwó àgbà wí láti ìdí àdògán. Baálé fúnra rẹ̀ jáde, ó sì wò mí pẹ̀lú ìbànújẹ́ ńlá bí ẹni tí ó pa ẹran wòlímà lásán.

“Ti ọdún tó kọjá ni,” ni mo wí. “Kí ó tó so aṣọ ni ó ti mu ún. Mo sọ ọ́ ní etí adágún! Mo ní ó ń gbé inú ara fún bí ọdún kan!”

“Nínú sinimá,” ni télọ̀ wí, “lẹ́sẹ̀ kan náà lọmọ yẹn dìde.”

“Ó jẹ búrẹ́dì,” ni ìyàwó àgbà fi kún un.

Ẹ̀rí tí wọ́n fi ń dá mi lẹ́jọ́, irọ́ tí ẹlòmíràn pa nínú yàrá kan ní ilẹ̀ òkèèrè ni, tí ògbufọ̀ wa sì bu iyọ̀ sí. Wọn kò mọ ìtàn mìíràn nípa bí àìsàn ṣe ń tán. Nínú ìtàn tí wọ́n mọ̀, ọdún kan kò sí níbẹ̀. Kò sí ibi tí akọni ti sọ pé ẹ ní sùúrù, yóò tún jáde lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ má sì dáwọ́ dúró.

Nígbà tí wọ́n túká, Ìyá Oníyọ̀ ní kí n wọlé.

“Ó dá ọ lójú?”

“Ó dá mi lójú, Ìyá.”

“Ìwọ lo rí i? Ojú rẹ ló rí i pé kò jáde mọ́ fún ẹni tó bá sẹ́ omi?”

Ó rọrùn fún mi láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Aláṣọ funfun ìbá ti lu tábìlì. “Rárá,” ni mo wí. “Àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n rí i. Èmi kà á.”

“O kà á.” Ó mí kanlẹ̀. “Mo jókòó síhìn-ín, Òjòkú ń ná láìsí mi, torí ohun tí o kà.”

Mo bojú wo àmù, mo ń dúró kí ó ní kí n tú aṣọ náà lọ. Ní ìta, ìyàwó àgbà bẹ̀rẹ̀ sí kọrin, orin òkú ni, ó ń dárò Àlàájì. Àwọn yòókù gbè é. Ojú Ìyá Oníyọ̀ yí padà.

“Ṣé o gbọ́ wọn?” ni ó wí. “Bí mo bá tú u lónìí, wọ́n á jẹ sààráà rẹ̀ lọ́la.” Ó fọwọ́ ti ara rẹ̀ dìde, ó fi ẹsẹ̀ kan tọ dé ìdí àmù, ó sì fún kókó láwàní náà le sí i. Ó kígbe sí ìta: “Àlàájì ní ẹ kú orin o! Ó ní kó tó kú, òun ló máa kírun sí yín lára!”

Báyìí ni sáyẹ́ǹsì ṣe borí ní ilé wa. Ìjà ìyàwó ilé ni ó gbé e ró ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn yẹn àti gbogbo òjò tí ó tẹ̀ lé e. Ìyá Oníyọ̀ ká sòbìà náà jáde pẹ̀lú sùúrù; kò já. Kò ba orúnkún rẹ̀ jẹ́. Ó tún padà sí Òjòkú.

Ẹ̀ẹ̀rùn kejì dé. Ìyàwó àgbà ní sòbìà ní ẹsẹ̀ méjèèjì. Télọ̀ ní in ní ọrùn ẹsẹ̀ tí ó fi ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ. Ẹnikẹ́ni kò kúnlẹ̀ kí àmù mọ́, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò béèrè ọ̀rọ̀ aṣọ náà lọ́wọ́ mi. Mo ń lọ sí yàrá Ìyá Oníyọ̀ ní àràárọ̀ kí n wo ẹsẹ̀ rẹ̀, títí tí ó fi ní kí n yé wo ẹsẹ̀ àgbàlagbà. Ọyẹ́ lọ. Oòrùn mú. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Nǹkan kan kò jáde ní ẹsẹ̀ ọ̀tún, nǹkan kan kò jáde ní ẹsẹ̀ òsì.

Ẹ jẹ́ kí ògbufọ̀ wá fi gbohùngbohùn sọ ìyẹn ní pápá. Ẹ wo obìnrin kan o, nǹkan kan kò jáde lẹ́sẹ̀ rẹ̀! Ìyẹn sì ni gbogbo iṣẹ́ wa. Ohun tí a ń fẹ́ ni kí ohunkóhun má ṣẹlẹ̀.

Ní ọjọ́ ọjà kan, mo gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Òjòkú láti ra iṣu, mo sì yà sí ìsọ̀ rẹ̀. Àwọn obìnrin yí i ká, igbá iyọ̀ wà níwájú rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó ń ná iyọ̀. Ìtàn ni ó ń sọ.

“Ló bá wọ kóòtù funfun,” ni ó ń wí. “Ó wé láwàní. Ó bọ́ sínú adágún, omi mù ún dé ọrùn. Sòbìà ńlá náà gbé orí sókè, ó tó igi ọ̀pẹ! Ọmọ àbúrò mi wò ó báyìí nínú ìgò. Ó kígbe! Àfi gbìì!”

“Yéè!” ni àwọn obìnrin wí.

Ara mi gbóná. “Kò rí bẹ́ẹ̀!” Mo sọ kẹ̀kẹ́ kalẹ̀. Mo ní n kò wọ adágún, mo ní n kò kígbe, mo ní sòbìà kò tó igi ọ̀pẹ. Mo ṣàlàyé kòkòrò omi. Mo ṣàlàyé ọdún kan. Mo ní obìnrin tí ó jókòó yìí ni ó ṣe iṣẹ́ náà, ó fi aṣọ sẹ́ omi ní àràárọ̀, ó fọ aṣọ, ó sá aṣọ, kò dáwọ́ dúró nígbà tí wọ́n fi í ṣẹ̀sín. Nígbà tí mo fi gbójú sókè, ọ̀kan ti ń ná àlùbọ́sà ní ìsọ̀ kejì, àwọn méjì ti ń lọ, ẹni tí ó kẹ́yìn sì ń fi ẹ̀yìn rìn díẹ̀ díẹ̀ kí n má baà rí i.

“O ti parí?” ni Ìyá Oníyọ̀ bi mí.

“Òótọ́ ni mo sọ, Ìyá.”

“Mo mọ̀. Òun ló lé oníbàárà mi lọ.” Ó bẹ̀rẹ̀ sí palẹ̀ iyọ̀ mọ́. “O kò jẹ́ kí n parí. Ibi tó kù, mo máa ń sọ fún wọn pé nígbà tí sòbìà náà kú tán, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tú sínú omi, lo bá ní kí kálukú so aṣọ funfun mọ́ ẹnu àmù, kí wọ́n máa sẹ́ ẹ̀jẹ̀ náà kúrò títí ọdún á fi yípo, kí wọ́n má sì dáwọ́ dúró. Àwọn tó ti so ó níhìn-ín kò kéré. Ìwọ mélòó ló so ó fún ọ?”

“Kò sí ẹ̀jẹ̀ nínú omi! Ìyá, kòkòrò ni!”

“Ó dáa.”

“Bí wọ́n bá ń wá ẹ̀jẹ̀, tí wọn kò rí ẹ̀jẹ̀, wọ́n á ní omi ti mọ́, wọ́n á tú aṣọ!”

Ó gbé igbá iyọ̀ karí. Mo ní kí ó jẹ́ kí n so ó mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, ó ní rárá, ó ní kí n máa gbé ìwé mi. Ó kọrí sí ọ̀nà Ọ̀fà. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kò ká dáadáa, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọ̀tún ń fà á lọ, wọ́n sì jọ yá ju bí mo ṣe lè ti kẹ̀kẹ́ nínú yanrìn lọ. Mo ń sáré tẹ̀ lé e, mo ń ké pé kí ó dúró kí n ṣàlàyé, pé irọ́ ni ẹ̀jẹ̀ náà, pé kí ó yọ ọ́ kúrò nínú ìtàn náà. Kò bojú wẹ̀yìn. Àwọn tí ó bá wa pàdé lọ́nà ń bi í pé ta ni ń lé e bọ̀ báyìí, mo sì gbọ́ tí ó ń dá wọn lóhùn, láìdúró, pé òun nìyẹn, ẹni tó pa á.